Bẹ́líìtì Búlúù

Etí ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Kì í ṣe pé Ìyá Ashraf gbọ́ nǹkan kan o. Etí ọmọ rẹ̀ ló rí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ashraf bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ láti bá a gbé ẹrù aṣọ fèrèsé òkìrìkà tó fẹ́ gbé lọ sọ́jà Òṣòdì, ni ìyá bá rí i pé etí ọ̀tún ọmọ náà ti wú, ó sì ká jọ bí àkàrà tí epo rẹ̀ gbóná jù.

"Kí ló ṣe ọ́ létí?"

"Ẹ̀fọn ni, mọ́mì."

Ẹ̀fọn! Lóòótọ́, ẹ̀fọn Èjìgbò kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀fọn ibòmíràn, ẹni tó bá ń gbé lójú ọ̀nà Ailegun kò ní í jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n a ò tí ì rí ẹ̀fọn tó ń ká etí ènìyàn bí ẹni ká ẹní.  Ìyá tẹjú mọ́ etí náà títí ọmọ fi gbé ẹrù jáde. Ìfura loògùn àgbà, obìnrin yìí sì mọ̀ ọ́n ju ẹni tó pa òwe náà lọ, nítorí ìgbà kan wà tí kò fura.

Ọmọ méjì ló bí fún ọkọ rẹ̀, Súbérù, kí ọkùnrin náà tó kú. Táòfíkì ni àkọ́bí, Ashraf ni àbúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Táòfíkì wọlé pẹ̀lú ilà gbọọrọ gbọọrọ lẹ́yìn, ó ní òun ṣubú lórí ọ̀kadà ni. Ìyá yọ́ òrí, ó fi pa á lẹ́yìn, ó tún wá jókòó tó ń gbé ọlọ́kadà tí kò rí rí ṣépè. Kò bi ara rẹ̀ pé irú títì wo ló ń la ẹ̀yìn ènìyàn bí pàṣán. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n fi ọmọ náà wọ̀, ọjọ́ ìwọlé rẹ̀ ni wọ́n nà án bẹ́ẹ̀. Fìlà búlúù ni wọ́n fún un. Fìlà yẹn ló dé lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ kejì ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin rélùwéè l'Óṣòdì. Obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá níbẹ̀ ló fi apá ara rẹ̀ júwe fún ìyá bí ẹnì kan ṣe ti ẹ̀yìn fi apá há Táòfíkì lọ́rùn. Ó ní ọmọ náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀, ó ń lù ú, ó ń lù ú, ó ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò sì tú u sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ẹnu àwọn ará àdúgbò ti yí. Ìyá Táòfíkì ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jọ láti sọ fún wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ashraf. Òun fúnra rẹ̀ kò dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ mọ́. Kódà bí wọ́n bá tú bélì òkìrìkà, tí aṣọ fèrèsé búlúù tó dára tó dára bá wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò tì í sí. Ó wá jókòó ti Ashraf, ó ní: "Ìwọ àti ẹgbẹ́, ó di èèwọ̀." Ọmọ béèrè bóyá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ìyá ní ó wà níbẹ̀. Ó béèrè ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí. Ìyá ní kí ó lọ kírun kí ó sì máa bọ̀ nílé.

Ashraf wá di ọmọ ogún ọdún. Ó ń kọ́ iṣẹ́ fèrèsé alumíníọ̀mù ní Ailegun, nírọ̀lẹ́ á ní òun ń lọ sí lẹ́sìn JAMB ní Ìsọ̀lọ̀. Ìyá gbà á gbọ́ títí ọjọ́ tí etí wú yẹn. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọlọ́pàá inú ilé. Ó rí i pé ọmọ ń gé èékánná rẹ̀ dé ìdí. Ó rí ojú ibi tó pọ́n rororo lọ́rùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú sí yàrá, ó bá a tó na ẹ̀yìn sílẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, tó ń fi itan há ìrọ̀rí mọ́ra.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mọ́mì. Mò ń nà án."

Ọmọ tó ń lọ kàwé, kí ló kan ẹ̀yìn níbẹ̀? Nígbà tí Ashraf lọ síbi iṣẹ́, ìyá fi ìgbálẹ̀ wá gbogbo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fa báàgì kan yọ tó ń rùn fún òógùn. Aṣọ funfun ló wà nínú rẹ̀, ó nípọn, kò ní bọ́tìnnì. Ṣòkòtò funfun wà níbẹ̀, bẹ́líìtì funfun náà sì wà níbẹ̀. Ìyá ká gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó di ọ̀dọ̀ Àgbékẹ́.

Àgbékẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ti ń ta ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì l'Óṣòdì. Kò sí ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kò ní ìdáhùn sí, ìdáhùn náà ni kì í sábà tọ́. Ó na aṣọ náà sókè, ó pariwo.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ ẹ ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun! Wo bẹ́líìtì ẹ̀. Funfun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, tó bá yá ni wọ́n á fún un ní aláwọ̀. Ṣé ó ń wọ bàtà nílé?"

"Kì í wọ̀ ọ́."

"Ọ̀rọ̀ ti parí!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí pọ́nńbélé ni Ìyá Ashraf, ọmọ Ìṣẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ jẹ́ làdáánì, síbẹ̀ ńṣe ni ara rẹ̀ fúyẹ́. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, a lè gbàdúrà kó padà. Ẹni tó wà láàyè ló ń ṣe ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n Àgbékẹ́ ṣì ń yí aṣọ náà wò, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ sí ọrùn rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé wọ́n ń jà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ìyá dá aṣọ padà síbi tó ti mú un. Lọ́jọ́ kejì, ó gbọ́ tí Ashraf ṣe àlùwàlá ní àsùbáà bó ṣe ń ṣe é látijọ́. Ọmọ tó ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò ní í jí kírun. Kí wá ni? Ìbéèrè yìí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́bọ̀ kan ni ìdáhùn dé. Ashraf ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, ọṣẹ kún ọwọ́ rẹ̀, ló bá fi fóònù sórí garawa kí ohùn lè jáde síta. Ìyá wà ní kíṣìnnì, lábẹ́ fèrèsé, ó di ṣíbí mú.

"Guy, Sátidé yìí ni o," ohùn kan ń sọ nínú fóònù. "Búlúù ni wọ́n máa fún ẹ. Coach ti sọ ọ́."

Ashraf bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yìn mi ni mò ń rò. Ṣé wọ́n á nà mí gan-an?"

"Ẹ̀yìn ẹ á bó! Kò sẹ́ni tí wọn kì í nà. Tí wọ́n bá ti nà ẹ́ tán báyìí, o ti di ọmọ ilé nìyẹn."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Búlúù. Kí wọ́n nà án. Kí ó di ọmọ ilé. Ó sáré gba ọ̀dọ̀ Àgbékẹ́ lọ. Àgbékẹ́ ní kí ó pe ọlọ́pàá. Ìyá ní rárá: bí àwọn yẹn bá dé, wọn ò ní í béèrè ọmọ ta ni, wọ́n á kó gbogbo wọn ni. Ó ní òun fúnra òun lòun máa lọ. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó fún ọmọ ní àyè kan láti sọ òtítọ́.

"Ashraf, ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?"

"Rárá o, mọ́mì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ṣé lẹ́sìn wà lọ́la?"

"Ó wà, mà. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò fún wa." Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Nígbà tí Ashraf wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ́jọ́ Sátidé, ìyá wọ òmíràn tẹ̀ lé e. Ní Ìsọ̀lọ̀, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà nísàlẹ̀, ó gun òkè lọ. Ìyá gun àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu ọ̀nà òkè, wọ́n to bàtà lọ rẹrẹ bí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó bínú sí bàtà wọ̀nyẹn. Àwọn ìkà náà tún mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti bọ́ bàtà!

Ó yọjú lójú fèrèsé. Yàrá náà gbòòrò, wọ́n tẹ́ rọ́bà tó nípọn sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ nípọnnípọn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, obìnrin wà nínú wọn, ọ̀kan tilẹ̀ wé híjáàbù. Ọkùnrin kan tó di bẹ́líìtì dúdú dúró níwájú, wọ́n sì tẹrí ba fún un. Ó pe Ashraf. Ó tú bẹ́líìtì funfun nídìí rẹ̀, ó sì so búlúù mọ́ ọn. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde, wọ́n pín sí ọ̀wọ́ méjì tó dojú kọ ara wọn, oníkálukú tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po méjì. Ashraf bọ́ aṣọ òkè, ó wọ àárín wọn. Bẹ́líìtì àkọ́kọ́ ró lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, obìnrin kan ti já wọlé, ó ti dì mọ́ ọmọ náà, ó sì ti kẹ́yìn sí wọn.

"Èmi ni kí ẹ nà! Ẹ nà mí! Ẹ ti gba ọ̀kan, ẹ ò ní í gba èkejì!"

Bẹ́líìtì kan ti wà lójú ọ̀nà, èjìká ìyá ló bà lé.  Ọkùnrin oníbẹ́líìtì dúdú la ẹnu, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni:

"Mà, ẹ jọ̀ọ́... bàtà yín."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Obìnrin ń kú lọ, bàtà lojú ẹ̀ rí. Ojú ti ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọmọbìnrin oníhíjáàbù, Nafeesah lorúkọ rẹ̀, ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, mà. Èmi ni mo nà yín. Ọwọ́ mi ti lọ kí n tó rí yín."

"Mọ́mì," Ashraf ní, "kì í ṣe ẹgbẹ́. Ìjàkadì ni, òun ló ká mi létí. Jù-jítsù ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Brasil ló ni ín."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Bọ́ọ̀lù pàápàá, ẹ ní kí n má gbá a."

 Ọkùnrin náà dìde, ó ní Rótìmí lorúkọ òun, òun ni kóòṣì wọn. Ó ní ẹni tó bá gba bẹ́líìtì tuntun ni wọ́n máa ń nà bẹ́ẹ̀, eré ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣe ọjọ́ìbí tí wọ́n da omi lé e lórí. Ẹni tí kò bá fẹ́, wọn kì í nà án. Ìyá wò ó bí ẹni ń wo ayédèrú náírà.

"Àwọn tí mo mọ̀ náà," ó ní, "eré ni wọ́n pè é."

 Rótìmí kúnlẹ̀, ó ní kí Ashraf wá sẹ́yìn òun kí ó fún òun lọ́rùn. Ashraf wo ìyá rẹ̀, kò fẹ́ ṣe é. Kóòṣì tún ọ̀rọ̀ sọ. Ni ọmọ bá fi apá há a lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ó fún un. Iṣan yọ níwájú orí Rótìmí, ojú rẹ̀ ń pọ́n bọ̀. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ lu apá Ashraf, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni apá náà ṣí.

"Tápù là ń pe ìyẹn, mà. Òfin wa àkọ́kọ́ ni. Tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ lù ẹ́ báyìí, tàbí tó fi lulẹ̀, o gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Ì báà ṣe ọ̀tá ẹ."

Ìyá ń wo ọwọ́ náà. 

"Tí kò bá tú u sílẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sírú ẹ̀, mà."

"Ó wà."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń sọ àfi Ashraf, tó dorí kodò. Ìyá tú bẹ́líìtì búlúù nídìí ọmọ, ó tì í sínú báàgì rẹ̀. Ó ní ará ilé kan náà ni wọ́n, ará ilé á tú ará ilé sílẹ̀, àjèjì ńkọ́? Kóòṣì ní ìdíje ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìsọ̀lọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Sùúrùlérè àti Ìkòròdú tí àwọn ò mọ̀ rí ń bọ̀. Kí ìyá wá fojú ara rẹ̀ rí i.

"Mà á wá," ìyá ní. "Ashraf, mà á fún ọ ní bẹ́líìtì yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n bẹ̀ tí kò tú ẹni tó mú sílẹ̀, o ò tún ní í ṣe é mọ́ láyé."

Ọjọ́ ìdíje pé. Ìyá mú ìjókòó iwájú, Àgbékẹ́ jókòó tì í, ó ń jẹ gúgúrú. Ìyá ò wo ẹni tó ń borí. Ọwọ́ ló ń wò. Bí ọwọ́ kan bá ti lu apá tàbí ilẹ̀, ojú rẹ̀ á fò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó di onítọ̀hún mú. Ọkùnrin ará Ìkòròdú kan fẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ alátakò rẹ̀. Ìyá ti dìde pẹ̀lú báàgì, kó tó rí i pé ọkùnrin náà kò gbọ́ ni, rẹfirí ló fọwọ́ kàn án. Ó padà jókòó, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò balẹ̀. Ashraf wọlé, ó na ọwọ́ ẹnì kan títí onítọ̀hún fi tápù, ó sì tú u sílẹ̀ kíá. Àgbékẹ́ fò sókè, gúgúrú dànù. Ìyá ò pàtẹ́wọ́. Ó kàn mí kanlẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí Ashraf bá pàdé, ará Sùúrùlérè ni, Olúbọ̀wálé, ọmọ tó ki bí igi ìrókò. Wọ́n yí gbirigbiri lórí rọ́bà. Ashraf fẹ́ dìde, ó ṣe àṣìṣe kan, ó kẹ́yìn sí i. Ọmọ Sùúrùlérè lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó sì fi apá há a lọ́rùn. Bí oníṣòwò omi inú ọ̀rá yẹn ṣe júwe rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin gẹ́lẹ́ ni. Ara ìyá di òkúta lórí àga.

Ashraf rí i. Ojú ọmọ àti ojú ìyá pàdé. Ọmọ náà ò sì tápù.

Ọmọ burúkú! Àṣé òun náà gbọ́ ìtàn obìnrin olómi náà lọ́jọ́sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò fẹ́ kí ìyá òun rí ọwọ́ òun tó ń lu ilẹ̀ bíi ti Táòfíkì. Ojú rẹ̀ ń dúdú bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà lórí rọ́bà, ọwọ́ tó yẹ kó lò ló fi di ìkúùkù. Kóòṣì ń pariwo orúkọ rẹ̀, rẹfirí ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú rẹ̀. Ìyá yọ̀ kúrò lórí àga, ó wó lulẹ̀ létí rọ́bà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀.

"Tápù! Ashraf, tápù! Mo bẹ̀ ọ́, tápù!"

Ó ń lù ú, ó ń lù ú. Ọwọ́ Ashraf ṣí. Ó gbé e sókè, ó fi lu apá ọmọ Sùúrùlérè lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì tó gbé e láti lu ẹlẹ́ẹ̀kejì, apá náà ti ṣí. Ashraf fa èémí wọlé pẹ̀lú ariwo. Olúbọ̀wálé yára yí i padà, ó fọwọ́ gbé orí rẹ̀.

"Bros, ṣé kò sí wàhálà o? Mí, mí dáadáa. Kí ló dé tó ò tètè tápù?"

Ìgbà wo ni ìyá bọ́ bàtà, òun náà ò mọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi wọ orí rọ́bà. Rẹfirí fẹ́ dá a dúró, Rótìmí mì orí sí i pé kó fi í sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn rò pé ìjà ló bá lọ. Olúbọ̀wálé alára fà sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà. Ó tápù, mo sì tú u sílẹ̀."

"Mo rí i," ìyá ní. "Ojú mi báyìí ló ṣe."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di apá ọmọ náà mú, apá yẹn gan-an, tó tutù fún òógùn. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò nù ún.

"Apá yìí ò ní í rọ. Ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun tó o tú u sílẹ̀."

Ọmọ Sùúrùlérè ò mọ ohun tó ṣe tí wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí. Ó wo Ashraf tó jókòó sílẹ̀ tó ń wúkọ́, tí bẹ́líìtì búlúù ti tú nídìí rẹ̀, ó tún wo obìnrin náà.

"Àbí ẹ̀yin ni Ìyá Ashraf, mà?"

"Èmi ni," ó ní. "Ìyá Táòfíkì ni wọ́n ń pè mí."